Ìṣirò Wà Lẹ́nu Ihò Akàn

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń gbọ́ wa ní Warri, ní Effurun, ní Ekpan àti ní gbogbo etí odò, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń jẹun òwúrọ̀ lọ́wọ́, ẹ má lọ jìnnà, tiyín gan-an ni ọ̀rọ̀ òní. Ẹni tí bírò àti ìwé bá wà nítòsí rẹ̀, kó fà wọ́n mọ́ra, nítorí a ó ṣe ìṣirò díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dùn mí. Bí ẹ bá ṣí ìwé ìṣirò ọmọ pámárì kejì, ẹ ó bá irú ìbéèrè yìí pàdé: ewúrẹ́ mẹ́ta àti ewúrẹ́ mẹ́rin, mélòó ni gbogbo wọn? Wọ́n á ya ewúrẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ á dáhùn pé méje, tíṣà á sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ewúrẹ́ kúrò, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù dípò rẹ̀, tàbí kí ẹ fi ìgò òfìfo dípò rẹ̀, méje náà ni. Ewúrẹ́ yẹn kò ṣe nǹkan kan nínú ìṣirò náà. Wọ́n kàn kó o síbẹ̀ fún ẹwà ni. Ọmọ kò mọ nǹkan kan sí i nípa ewúrẹ́, kò sì rí ìdí tí èèyàn fi ń ṣírò. Èmi gbà pé ẹranko lè ṣe ju ìyẹn lọ fún wa. Bí ara ẹranko, bíbí ọmọ rẹ̀ àti ibi tó ń gbé bá jẹ́ ohun tó ń bi ọmọ ní ìbéèrè, ìṣirò á wá di ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wá ìdáhùn. Àwa tí a wà ní Warri yìí, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló yí wa ká láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ka ẹsẹ̀ ná. Adìyẹ ní méjì. Ewúrẹ́ ní mẹ́rin. Aáyán ní mẹ́fà. Aláǹtakùn ní mẹ́jọ. Akàn ní mẹ́wàá, bí a bá ka ọwọ́ ńlá méjèèjì tó fi ń gbá nǹkan mú mọ́ ọn. Ọmọ tó bá ti ka èyí lára ẹranko fúnra rẹ̀ ti gbé ìlọ́po méjì sórí, kò sì sí ẹni tó nà án kó tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ kan á ṣáà dìde pé, "Tíṣà, akàn tèmi, mẹ́sàn-án ló ní." Ẹ má bá a wí. Òótọ́ ló ń sọ. Akàn máa ń pàdánù ẹsẹ̀ nínú ìjà, òmíràn á sì hù díẹ̀díẹ̀ bó bá ti ń bọ́ èèpo ara rẹ̀. Ẹ bi í pé: bí akàn mẹ́fà bá wà nínú agbọ̀n yìí, tí ẹsẹ̀ gbogbo wọn sì jẹ́ 57, ẹsẹ̀ mélòó ló ti sọnù? Àyọkúrò dé nìyẹn, ohun tí ojú ọmọ rí ló sì bí i.

Bí ẹ bá kọjá ní ọjà Igbudu, ẹ wo ibi tí wọ́n so adìyẹ àti ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ sí. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé orí méje lẹ rí, ogún ẹsẹ̀ sì ni. Ewúrẹ́ mélòó, adìyẹ mélòó? Ọmọ pámárì kẹrin lè rí i láìkọ́ áljẹ́brà kankan. Kó kọ́kọ́ fún gbogbo wọn ní ẹsẹ̀ méjì-méjì, ìyẹn jẹ́ 14. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló kù nílẹ̀. Ewúrẹ́ nìkan ló lè ní méjì sí i, nítorí náà ewúrẹ́ jẹ́ mẹ́ta, adìyẹ mẹ́rin.

Ọ̀kùn ńkọ́, tó máa ń kún ara ògiri nígbà òjò? Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ta ló ti kà á rí? Ẹ má fọwọ́ kàn án, nítorí omi ara rẹ̀ máa ń ta èèyàn. Ẹ jẹ́ kó gun igi, kí ẹ wá wò ó dáadáa. Ara rẹ̀ pín sí òrùka òrùka. Òrùka tó tẹ̀lé orí kò ní ẹsẹ̀. Mẹ́ta tó tẹ̀lé e ní ẹsẹ̀ méjì-méjì. Àwọn yòókù ní mẹ́rin-mẹ́rin, àfi ìparí ìrù tí kò ní rárá. Ká ní òrùka 40 ni ọmọ kà, tí ọ̀kan ní ìrù kò ní ẹsẹ̀: mẹ́fà ni ti àwọn mẹ́ta ìṣáájú, 35 tó kù ní ìlọ́po mẹ́rin jẹ́ 140, gbogbo rẹ̀ wá di 146. Ọmọ kò ka ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ó mọ iye rẹ̀. Ohun tí wọ́n dá ìlọ́po sílẹ̀ fún gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin nǹkan lẹ́yìnkùlé, ìlọ́po méje ti wà lábẹ́ ìyẹ́ adìyẹ yín. Ọjọ́ 21 ni adìyẹ fi ń sàba. Ọjọ́ 28 ni ti tòlótòló. Pẹ́pẹ́yẹ àdúgbò wa yìí, èyí tí ojú rẹ̀ pupa, ń lò tó ọjọ́ 35. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà fún ọmọ kí ẹ ní kó wá a: bí a bá fẹ́ kí gbogbo wọn pa ọmọ ní ọjọ́ Kérésì, ọjọ́ wo ni kí kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í sàba? Pẹ́pẹ́yẹ ní 20 oṣù Kọkànlá, tòlótòló ní 27 oṣù náà, adìyẹ ní 4 oṣù Kejìlá. Kí ọmọ wá wò ó bóyá ó kíyè sí i pé bí Kérésì bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ẹtì ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í pé kí ló fà á. Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé ìyẹn ti mọ ohun tó wà nínú méje ju ẹni tó kàn ń kọ ọ́ lórin lọ. Ẹyin lè pa ní ọjọ́ kan ṣáájú tàbí lẹ́yìn, kí ọmọ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹni tó bá ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní tirẹ̀: oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́ta ni oyún rẹ̀, ọmọ á ro ó pọ̀ di 114 ọjọ́.

Ṣùgbọ́n irà ni ọkàn mi wà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká dúró sí pẹ́.

Ẹ̀yin tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti Warri lọ sí ìsàlẹ̀ odò mọ ibi tí mò ń sọ. Níbi tí omi iyọ̀ ti ń pàdé omi odò, tí àwọn igi na gbòǹgbò wọn sókè sókè bíi pé wọ́n dúró lórí ọ̀pá, bí omi bá fà, ẹrẹ̀ á yọ, ẹrẹ̀ náà á sì kún fún akàn kéékèèké. Akọ wọn ní ọwọ́ kan tó tóbi púpọ̀ ju èkejì lọ, òun ló ń jù sókè láti fi pe abo. Ọwọ́ ńlá yẹn kò ṣeé fi jẹun. Ọwọ́ kékeré kan péré ni akọ fi ń bu ẹrẹ̀ sẹ́nu, abo sì ní méjì. Ẹ rí i pé ìbéèrè ti dé: bí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan bá ń bu ẹrẹ̀ ní ìgbà 20 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú mélòó ni akọ fi máa jẹ iye tí abo jẹ ní ìṣẹ́jú 30? Bí omi bá tún ń kún bọ̀, akàn á wọ ihò, á fi ẹrẹ̀ dí ẹnu rẹ̀, á sì dúró síbẹ̀ títí omi á fi tún fà.

Ìgbà wo ni omi ń fà? Ẹ bi àwọn apẹja wa, Ìṣẹ̀kírì ni o, Ùròbò ni o, Ìjọ̀ ni o, wọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Ní ìṣirò tó súnmọ́, láti ìkún omi kan sí èkejì jẹ́ wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Nítorí náà, lójoojúmọ́, omi ń fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ. Bí omi bá kún ní aago mẹ́fà àárọ̀ òní, á tún kún ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 25 ní ìrọ̀lẹ́, tọ̀la á sì di aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òṣùpá ló ń fà á: ayé ń yí, òṣùpá náà ń rìn lọ, ayé á sì ní láti lo ìṣẹ́jú 50 yẹn kó tó bá a.

Ẹ wo iṣẹ́ tó wà nínú èyí fún ọmọ pámárì karùn-ún. Kíláàsì fẹ́ lọ wo akàn ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀, lẹ́yìn ìpè orúkọ àti ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ Ajé, omi fà pátápátá ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọjọ́ wo ni kí wọ́n lọ? Láti aago mẹ́jọ dé mẹ́wàá ààbọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 150. Ẹ pín in sí 50, mẹ́ta ni. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Bí ọmọ bá ṣì í ṣírò, kì í ṣe àmì pupa ni yóò sọ fún un. Omi ni wọn yóò bá níbẹ̀, akàn kankan ò ní sí níta. Kò sí ìwé kan tó lè bá ọmọ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ náà ti jókòó ti akàn yìí gan-an. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, Frank Brown àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìbátan akàn yìí láti etí òkun wá sínú yàrá tó ṣókùnkùn, níbi tí omi kankan kò ti ń kún tàbí fà. Síbẹ̀ àwọ̀ ara akàn wọ̀nyí ń dúdú ní ọ̀sán, ó ń mọ́lẹ̀ ní òru, ìyípadà mìíràn sì wà nínú rẹ̀ tó ń pẹ́ sí i ní bí ìṣẹ́jú 50 lójúmọ́, bí òkun tí wọ́n ti kúrò. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, ó yà mí lẹ́nu púpọ̀, mo sì gbà pé ó yẹ kí gbogbo ọmọ tó ń gbé létí omi gbọ́ ọ.

Mo mọ ohun tí olùkọ́ kan ń rò níbi tó jókòó: "Ọmọ ọgọ́ta ló wà ní kíláàsì mi, síkíìmù ń lé mi, ẹ tún ní kí n máa lọ ka akàn." Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Modákẹ́kẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's níbẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan ìṣirò, wọ́n sì kọ ìwé tuntun fún un, pẹ̀lú àwọn ohun tí ọmọ ń rí nílé àti lóko. Ford Foundation ló gbówó sílẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹni tó bá sọ pé Ifẹ̀ jìnnà sí Warri, kó rántí pé abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kan náà ni gbogbo wa wà ní 17 oṣù Kìíní 1955, ọjọ́ tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. 1963 ni agbègbè Mid-West tiwa tó yà kúrò lára rẹ̀. Ọmọ Warri àti ọmọ Ìbàdàn ló jọ wọlé lọ́jọ́ náà.

Ní Ifẹ̀ yẹn náà, ní nǹkan bí 1980 sókè, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà kan tó ń jẹ́ Helen Verran ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2001 bí ọ̀kan nínú wọn ṣe kọ́ ọmọ ní ìwọ̀n gígùn. Rúlà kò tó kíláàsì. Olùkọ́ náà gé páálí kéékèèké tí gígùn wọn jẹ́ sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá, ó fún àwọn ọmọ ní okùn, wọ́n fi okùn wọn ara wọn, wọ́n sì wé okùn náà mọ́ páálí, wọ́n ń ka mẹ́wàá mẹ́wàá. Kò rí bí ìwé olùkọ́ ṣe ní kó rí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà yọrí, inú àwọn ọmọ sì dùn. Ẹ fi okùn yẹn wọn ìgbín láti ìdí dé ẹnu, ẹ fi wọn bí ọ̀pọ̀lọ́ ṣe fò tó. Owó okùn kò lè pa ilé ẹ̀kọ́ kankan lára. Bí àwọn ọmọ bá ń jiyàn lórí iye náà ní Píjìn tàbí ní Ùròbò, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn lọ; ìgbà tí wọ́n bá fẹnu kò ni kí ẹ kọ ọ́ sí pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì.

Okùn kan náà ló wúlò fún èyí tó kàn. Ẹ gé e ní mítà mẹ́rin, ẹ fi igi mẹ́rin kàn án mọ́lẹ̀ kó di onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan. Ká ní irà kan gùn ní mítà 30, ó fẹ̀ ní mítà 20. A kò lè ka gbogbo ihò akàn ibẹ̀. Ẹ gbé okùn náà sí ibi márùn-ún, láìṣa ibi tó dára jù, kí ẹ ka ihò inú rẹ̀. Ká ní 12 ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 7, lẹ́yìn náà òdo, 15, àti 6. Àròpọ̀ wọn 40; pín in sí márùn-ún, ó di mẹ́jọ. Irà náà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 600. Ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ 4,800 ihò.

Ó dájú pé ọmọ kan á ní ká yọ òdo yẹn kúrò, pé kò sí nǹkan níbẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹ jẹ́ kó yọ ọ́ kó wò ó. 40 tí a pín sí mẹ́rin di mẹ́wàá, irà náà á wá ní ihò 6,000. Ihò 1,200 tí kò sí níbì kankan ló ti dá sílẹ̀ nítorí pé ó kọ̀ láti ka òdo. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó dára tó báyìí láti fi han ọmọ pé òdo jẹ́ nọ́ńbà. Ní ilẹ̀ wa yìí, òdo tún ní ìtumọ̀ mìíràn. Ibi tí epo rọ̀bì bá ti dà sí irà, òdo ni ọmọ máa kà léraléra. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ń kà á lọ́dọọdún ní ibì kan náà, tí wọ́n ń kọ ọ́ sí ìwé kan tí kò ní sọnù, ìwé náà á di ẹ̀rí nípa ilẹ̀ náà, ọwọ́ ọmọ pámárì ló sì máa kọ ọ́.

Mo bẹ̀ yín, kí ọmọ kankan má dá lọ sí etí omi. Ilé ẹ̀kọ́ tí irà rẹ̀ kò bá ní etí tó láàbò, ẹ ka imí ekòló lórí pápá lẹ́yìn òjò, tàbí ihò èèrà. Ìṣirò kan náà ni. Akàn tí ẹ bá sì mú wá sí kíláàsì, ẹ dá a padà sí ibi tí ẹ ti mú un ní ọjọ́ náà.

Ó ku ẹja. Àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ pọ̀ ní Ekpan àti káàkiri, ọmọ wọn sì wà ní kíláàsì yín. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ iye ẹja inú omi dúdú tí kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀? Ní 1896, Petersen, ọmọ ilẹ̀ Denmark tó ń ṣèwádìí lórí ẹja, ti ń fi àmì sára ẹja kó tó dá wọn padà sómi, ọgbọ́n rẹ̀ náà sì ni a ó lò. Ẹ kó ẹja 20, ẹ fi àmì sí wọn lára, ẹ dá wọn padà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ tún da àwọ̀n. Ẹja 25 wọlé, márùn-ún nínú wọn ní àmì. Márùn-ún nínú 25 jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún. Bí àwọn 20 tí a sàmì sí bá jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ẹja, gbogbo ẹja jẹ́ 100.

Ní kíláàsì, ẹ̀wà ni kí ẹ fi ṣe ẹja. Ẹ da ẹ̀wà sínú abọ́ láìkà á, kí àwọn ọmọ fi bírò sàmì sí 20, kí wọ́n pò ó pọ̀, kí wọ́n dijú bu ẹ̀kúnwọ́. Ẹgbẹ́ kan á sọ pé 90, òmíràn á sọ pé 130. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ka gbogbo rẹ̀ jáde, kí wọ́n rí ẹni tó súnmọ́ jù. Àwọn tó jìnnà kò kùnà. Kí wọ́n bu ú nígbà mẹ́ta sí i kí wọ́n sì pín àròpọ̀ rẹ̀ sí mẹ́rin, wọn á rí i pé iye wọn ń súnmọ́ bọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ yín rèé. Ká ní márùn-ún nínú ẹja 20 tí a sàmì sí kú kí a tó da àwọ̀n kejì, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Ṣé iye tí a máa rí á pọ̀ ju ti òótọ́ lọ ni, tàbí á kéré sí i? Ẹ fi ẹ̀wà gbìyànjú rẹ̀ nílé, ẹ kọ ìdí tí ẹ fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ sì mú un lọ fún tíṣà yín lọ́jọ́ Ajé.